Adájọ́ mẹ́ta tí kò fojú kan ọmọ náà: báwo ni kóòtù kòtẹ́milọ́rùn ṣe ń wọn ẹ̀rí ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀?

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn, mo sì fẹ́ kí àwọn tó mọ òfin nínú wa là mí lọ́yẹ̀. Ẹ ó rántí ẹjọ́ dókítà kan l'Ékòó. Ní October 2023, kóòtù tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ n'Íkẹjà rán an lẹ́wọ̀n gbére lórí ẹ̀sùn pé ó bá ọmọdé lò pọ̀. Ní November 2024, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, wọ́n ní ìjọba kò fi ẹ̀rí gbe ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ kọjá iyèméjì, wọ́n sì dá a sílẹ̀.

N kò wá tún ẹjọ́ yẹn dá o. Ètò ọ̀hún fúnra rẹ̀ ni kò yé mi. Adájọ́ àkọ́kọ́ rí ọmọ lójúkojú, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó rí bó ṣe ń ṣe nígbà tí wọ́n ń da ìbéèrè bò ó. Àwọn mẹ́ta tó wà lókè kò rí i rí. Ìwé ni wọ́n kà. Báwo ni ẹni tó ka ìwé ṣe máa wá sọ pé ẹni tó fojú rí kò rí i dáadáa?

Olùkọ́ tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ máa ń wá bá mi. Bí ọ̀kan bá bi mí pé, "Àǹtí, tí mo bá sọ ọ́, ṣé wọ́n á gbà mí gbọ́?", kí ni kí n wí?

Alábòójútó

Kí ọ̀rọ̀ tó gbóná: a kì í dárúkọ ọmọ, a kì í dárúkọ ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn. Ẹni tí kóòtù bá sì ti dá sílẹ̀, aláìjẹ̀bi ni lójú òfin. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní orúkọ mìíràn níbí.

Ọmọ_Agboolé_Ìbàdàn

Àǹtí, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ̀wọ̀n gbére kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní àdúgbò wa, ìjà ilẹ̀ láàárín ìdílé méjì ló di ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀. Ọmọkùnrin náà pẹ́ ní àhámọ́ kí ọ́fíìsì DPP, ìyẹn àwọn lọ́yà ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ yóò lọ sí kóòtù, tó ní kò sí ẹjọ́ kankan tó fẹ́ jẹ́. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó àfẹ́sọ́nà ti lọ. Ibi tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè sá sí ni kòtẹ́milọ́rùn. Tí àwọn ará òkè bá kàn ń fọwọ́ sí gbogbo ohun tí adájọ́ ìsàlẹ̀ sọ, kí ni ìwúlò wọn?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ kú ìbéèrè, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Bùrọ̀dá Ìbàdàn náà, ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ti bá ìjọba pe irú ẹjọ́ yìí rí, mo sì ti dúró fún olùjẹ́jọ́ náà, nítorí náà ìhà méjèèjì ni mo ti rí.

Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn kì í pe ẹlẹ́rìí. Ọmọ kò ní padà wá, ọlọ́pàá àti dókítà kò ní padà wá. Adájọ́ mẹ́ta ló ń jókòó, ohun tó sì wà níwájú wọn ni ìwé àkọsílẹ̀ ìgbẹ́jọ́ àti àlàyé tí lọ́yà ìhà méjèèjì kọ ránṣẹ́. Nítorí pé wọn ò rí ẹlẹ́rìí, ìlànà ti kọ́ wọn láti bọ̀wọ̀ fún ojú ẹni tó rí i. Bí adájọ́ àkọ́kọ́ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé, "Mo wo ọmọ yìí bó ṣe ń sọ̀rọ̀, lọ́yà da ìbéèrè bò ó, kò yẹsẹ̀, mo gbà á gbọ́," àwọn ará òkè kì í sábà fọwọ́ kan ìyẹn. Ìgbà tí wọ́n máa ń dá sí i ni ìgbà tí ohun tí adájọ́ gbà gbọ́ kò sí nínú ẹ̀rí rárá, tàbí tó gbójú fo ohun ńlá kan tó ta kò ó, tàbí tó ṣi òfin lò. Bí kóòtù méjì bá sì ti fẹnu kò lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Ábùjá kì í fẹ́ tú u ká mọ́, àfi bí ìdí tó lágbára bá wà.

Abala 36(5) òfin ìpilẹ̀ṣẹ̀ 1999 ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ẹ̀rí yóò fi dé. Abala 135 Òfin Ẹ̀rí ti 2011 ní ẹ̀rí yẹn gbọ́dọ̀ kọjá iyèméjì. Nítorí náà, yálà àánú ọmọ náà ń ṣe àwọn adájọ́ mẹ́ta yẹn tàbí kò ṣe wọ́n, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ohun tó wà nínú ìwé yẹn tó láti fi ti ilẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n mọ́ èèyàn.

Ibi tí ẹ̀rí ti máa ń bàjẹ́ jù ni ibi tí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí ti takora. Òfin kò ní kí ẹlẹ́rìí rántí gbogbo nǹkan bí ẹ̀rọ. Ọmọ kan sọ ní tésàn pé ìrọ̀lẹ́ ni, ó wá sọ ní kóòtù pé wọ́n ti tan iná: ìyẹn kò tó nǹkan, kódà ẹlòmíì á ní àmì òótọ́ ni, torí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́ èèyàn sórí ló máa ń bára mu láìyẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìwé ọlọ́pàá bá ní ọkùnrin náà fọwọ́ kàn án láyà nìkan, tí ẹ̀rí inú kóòtù wá ní ó bá a lò pọ̀ pátápátá, tí kò sì sẹ́ni tó bi ọmọ náà kó ṣàlàyé ìdí tí méjèèjì fi yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ti kan gbòǹgbò ẹ̀sùn. Lórí ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀, ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé nǹkan ọkùnrin wọlé, ì báà ṣe díẹ̀ bíńtín. Tí ìwé bá kàn ní "ó ṣe mí ní nǹkan burúkú", tí olùpẹ̀jọ́ kò sì bi í síwájú, àwọn ará òkè kò lè fi àròsọ tiwọn dí àlàfo yẹn.

Akọ̀wé_Kóòtù_fẹ̀yìntì

Lọ́yà sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìwé yẹn ṣe ń di ìwé, torí ibẹ̀ ni mo ti lo ayé mi.

Ní ọ̀pọ̀ kóòtù wa, ọwọ́ ni adájọ́ fi ń kọ ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́rìí á sọ gbólóhùn kan ní Yorùbá, ògbufọ̀ á túmọ̀ rẹ̀, adájọ́ á kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wa á sì dúró dè é títí bírò rẹ̀ yóò fi dúró. Ohun tó bá bọ́ láàárín ẹnu ẹlẹ́rìí àti ẹnu bírò yẹn, ó bọ́ nìyẹn.

Mo rántí ọmọbìnrin kan. Lọ́yà bi í pé aṣọ wo ni ọkùnrin náà wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn di igi tó wà níwájú rẹ̀ mú, ó tẹjú mọ́ ilẹ̀, omijé ń kán sórí bàtà ilé-ìwé tó wọ̀. Ògbufọ̀ tún ìbéèrè náà bi. Ó pẹ́ kó tó ní, "Mi ò rántí." Ohun tó wọ inú ìwé ni pé kò rántí. Ẹkún yẹn kò wọ inú ìwé. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò wọ inú ìwé. Ẹni tó bá ka ojú ewé yẹn l'Ábùjá, yóò rò pé ẹlẹ́rìí tí kò mọ nǹkan kan ni.

Adájọ́ tó mọṣẹ́ dunjú máa ń fi ìlà kan kún un: kóòtù ṣàkíyèsí pé ẹlẹ́rìí ń sunkún, a sinmi fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo yẹn lè gba ẹjọ́ là. Olùpẹ̀jọ́ tó bá gbọ́n á dìde, á ní, "Olúwa mi, mo bẹ̀ yín kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọn ò pọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yọ́

Ohun tí Bàbá Akọ̀wé sọ yìí, ó kàn mí gan-an. Ọmọ mi ló ṣẹlẹ̀ sí. N kò ní sọ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní tésàn tí a kọ́kọ́ lọ, orí káńtà ni wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń jáde, ẹnì kan wá gba béèlì ọlọ́kadà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Yorùbá ni ọmọ mi ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì ni ọlọ́pàá ń kọ. Kò kà á sí wa létí kó tó ní kí ó fọwọ́ sí i. Nígbà tí a dé kóòtù ni lọ́yà ọkùnrin náà gbé ìwé yẹn jáde. Ọjọ́ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló wọ yàrá lọ. Ọmọ mi ní, "Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò kà á fún mi." Adájọ́ gbà á gbọ́. Ọkùnrin náà ti wá pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, a ń retí ọjọ́. Oorun kò kùn mí lójú mọ́. Ṣé àṣìṣe ọlọ́pàá yẹn lè gba ẹjọ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Mọ́mì Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á tu ọmọ náà nínú.

Ìwé tí ẹlẹ́rìí kọ ní tésàn kì í ṣe ẹ̀rí nípa ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rí ni ohun tó sọ nínú kóòtù. Ohun tí lọ́yà lè fi ìwé yẹn ṣe ni kó fi dán òótọ́ ẹlẹ́rìí wò, abala 232 Òfin Ẹ̀rí sì ní kó tó lè fi ta kò ó, ó gbọ́dọ̀ nàka sí ibi tó yàtọ̀ gan-an kí ẹlẹ́rìí lè rí i, kó sì fèsì. Ọmọ yín fèsì. Adájọ́ gbọ́ èsì náà, ó sì gbà á. Tí adájọ́ bá kọ ìdí tó fi gbà á sínú ìdájọ́ rẹ̀, ilẹ̀ tí ẹ dúró lé le. Ohun tí àwọn ará òkè kì í fojú fo ni ìyàtọ̀ ńlá tí ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé rẹ̀, tí adájọ́ náà kò sì mẹ́nu kàn án rárá, bí ẹni pé kò rí i.

Ẹ lọ bá lọ́yà ìjọba tó ń bójú tó ẹjọ́ náà ní ọ́fíìsì DPP, ẹ bi í bóyá ojú ewé tí èsì ọmọ yín wà hàn dáadáa nínú ìwé tí wọ́n kó lọ sókè. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ kọ máa ń di títẹ̀ kó tó lọ, àṣìṣe sì máa ń wọ̀ ọ́. Ìjọba lè ní kí wọ́n tún un ṣe kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó dé.

Nọ́ọ̀sì_Òṣogbo

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ilé ìwòsàn, torí ìdajì ẹjọ́ yìí ọ̀dọ̀ wa ló ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìyá tó bá gbọ́ irú èyí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kó wẹ ọmọ, kó sì fọ pátá rẹ̀. Mo mọ ìdí. Ìfẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ti bá omi lọ. Ẹ má wẹ̀ ẹ́. Ẹ kó aṣọ tó wọ̀ sínú àpò bébà, kó má ṣe jẹ́ ọ̀rá, torí inú ọ̀rá aṣọ á bu. Ẹ gbé e wá kíákíá: oògùn tó ń dènà àrùn HIV kò wúlò mọ́ lẹ́yìn wákàtí 72, èyí tó ń dènà oyún lè ṣiṣẹ́ títí di wákàtí 120, ṣùgbọ́n bó bá ṣe yá tó ló ṣe dára tó. L'Ékòó, Mirabel Centre tó wà ní ilé ìwòsàn LASUTH n'Íkẹjà ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 2013, àyẹ̀wò, ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn lábẹ́ òrùlé kan.

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ ìbálé. Àwọn ọlọ́pàá ṣì máa ń mú ọmọ wá, wọ́n á ní ká "wò ó bóyá ìbálé rẹ̀ wà". Ìbálé kò sọ nǹkan kan tó dájú. Ó lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìfipábánilòpọ̀, ó sì lè má sí láìsí ọkùnrin kankan. Ní 2018, àjọ ìlera àgbáyé WHO àti àwọn àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè ní kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú àyẹ̀wò yẹn. Ìbéèrè mi sí Lọ́yà: tí dókítà bá kọ "ìbálé ti já" nìkan, kí ni kóòtù ń fi ṣe? Tí dókítà tó kọ ọ́ bá sì ti jápa ńkọ́? Torí ìyẹn ló pọ̀ jù nísinsìnyí.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Tí ìwé dókítà bá ní ìbálé ti já, kò tíì sọ ta ni, kò sì sọ ìgbà wo. Àwọn ará òkè ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò so olùjẹ́jọ́ mọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ náà sì jẹ́ òótọ́: àìsí ìwé dókítà kì í pa ẹjọ́, bí ẹ̀rí tó kù bá dúró dáadáa. Tí dókítà bá ti rìnrìn àjò, abala 55 Òfin Ẹ̀rí fàyè gba kí ìwé tí irú òṣìṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí wọlé láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kóòtù lè ní kó wá. Àmọ́ tí ohun kan bá ṣókùnkùn nínú ìwé náà, ta ló máa tan iná sí i? Ibẹ̀ ni iyèméjì ti ń wọlé, olùjẹ́jọ́ ni iyèméjì sì máa ń ṣe láǹfààní.

Ọmọ_Agboolé_Ìbàdàn

Ẹ ṣeun, Lọ́yà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún mi ní tààrà: ṣé ẹnu obìnrin kan ṣoṣo, láìsí ẹlẹ́rìí mìíràn, lè rán ọkùnrin lẹ́wọ̀n ní Nàìjíríà?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rìn débẹ̀, torí kò fìgbà gbogbo rí bẹ́ẹ̀.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún gúúsù Nàìjíríà ní abala 218, nípa bíbá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀. Ó ní ẹ kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí ẹ̀rí mìíràn kò kín lẹ́yìn. Ó tún ní láàárín oṣù méjì ni ìjọba gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́. Ẹ ro ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ẹni tó ń bá a gbé ń halẹ̀ mọ́, tó ní láti sọ̀rọ̀ kí oṣù méjì tó pé! Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló kú sẹ́nu ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ti ìfipábánilòpọ̀, abala 357 àti 358, kò sí gbólóhùn yẹn nínú òfin. Àwọn adájọ́ ló mú un wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n ní kí adájọ́ kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé ó léwu láti dá èèyàn lẹ́bi lórí ẹnu obìnrin nìkan. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti wá là á yékéyéké pé àṣà kóòtù ni ìyẹn, kì í ṣe òfin. Abala 200 Òfin Ẹ̀rí 2011 ní kò sí iye ẹlẹ́rìí kan pàtó tí a nílò láti fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀, àfi níbi tí òfin bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí obìnrin bá sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró, tí adájọ́ gbà á gbọ́ tó sì kọ ìdí, ó tó.

Síbẹ̀, bùrọ̀dá, ìjọba tó bá gbọ́n kì í gbẹ́kẹ̀ lé e nìkan. Ẹ̀rí tó kín in lẹ́yìn pọ̀: aṣọ tó ya, ọgbẹ́, ipò tí wọ́n bá a nígbà tó sáré jáde, ẹni tó kọ́kọ́ sọ fún, irọ́ tí olùjẹ́jọ́ pa nípa ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Tí olùpẹ̀jọ́ bá ní ẹlẹ́rìí wọ̀nyí lọ́wọ́ tí kò pè wọ́n, àwọn ará òkè á bi í léèrè. Ìyẹn ló ń dun èmi jù nínú iṣẹ́ yìí: ìyá àgbà tó wà lójúde, tó rí ọmọ tó ń sunkún jáde, kò sẹ́ni tó lọ bá a rárá.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham

Mo ń kà yín láti Lọ́ńdọ̀nù. Níbí, òfin 1994 ló fòpin sí ìkìlọ̀ tí Lọ́yà ń sọ yẹn. Ẹjọ́ tí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn wọn fi ṣàlàyé bí wọ́n á ṣe máa lo òfin tuntun náà, orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, R v Makanjuola, 1995. Wọ́n ní adájọ́ kò gbọ́dọ̀ kìlọ̀ mọ́ kìkì nítorí pé ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ ni. Tó bá fẹ́ kìlọ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà nínú ẹ̀rí tó fa ìkìlọ̀ náà.

Ìyàtọ̀ ńlá tó wà láàárín tiwa níbí àti tiyín nílé ni pé èèyàn 12 láàárín ará ìlú ló ń dá ẹjọ́ níbí, wọn kì í sì í sọ ìdí. Nítorí náà, kòtẹ́milọ́rùn níbí máa ń yẹ ọ̀rọ̀ tí adájọ́ bá àwọn 12 yẹn sọ wò, bóyá ó tọ́ wọn sọ́nà, kí wọ́n tó pinnu bóyá ìdájọ́ náà ṣeé fọkàn tán. Adájọ́ níbí sì lè kìlọ̀ fún wọn ní òdìkejì: pé kí wọ́n má rò pé ẹni tó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀ ń purọ́, pé èèyàn yàtọ̀ síra nínú ìbànújẹ́.

Ní Scotland, tó jẹ́ orílẹ̀-èdè kan náà, ẹ̀rí àtìlẹ́yìn ṣì jẹ́ dandan. Ṣùgbọ́n ní October 2023, adájọ́ méje jókòó, wọ́n yí ìdájọ́ àtijọ́ kan padà, wọ́n ní ìdààmú tí ẹlòmíì fojú rí lára obìnrin náà lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ lè kín ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹkún tí Bàbá Akọ̀wé ní wọn ò kọ sílẹ̀ yẹn, tó bá jẹ́ pé ẹnì kan rí irú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ṣẹlẹ̀ tó sì wá sọ ọ́, ẹ̀rí ni.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Ẹ ṣeun gan-an. Lọ́yà, àwọn kan nínú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mi kò tíì pé ọdún 14. Ṣé ọ̀rọ̀ tiwọn yàtọ̀?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ó yàtọ̀ púpọ̀, ibẹ̀ sì ni mo ti rí i tí ẹjọ́ tó dára ti tú ká lókè.

Abala 209 Òfin Ẹ̀rí ní ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 kò ní búra. Kóòtù á kọ́kọ́ dán òye rẹ̀ wò: Kí lorúkọ ẹ? Ìwé kélòó lo wà? Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó bá purọ́? Tí adájọ́ bá rí i pé ọmọ náà lóye, tó sì mọ̀ pé ó yẹ kí èèyàn sọ òótọ́, yóò gbọ́ ẹ̀rí rẹ̀ láìbúra. Ṣùgbọ́n abala yẹn kan náà ní a kò lè dá èèyàn lẹ́bi lórí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ̀rí mìíràn tó ṣe kókó bá kín in lẹ́yìn. Níhìn-ín, òfin gan-an ló sọ ọ́, kì í ṣe àṣà. Nítorí náà, ọmọ ọdún mẹ́wàá nílò àtìlẹ́yìn tí obìnrin ọdún 30 kò nílò. Lójú tèmi, ó yẹ kí àwọn aṣòfin tún abala yẹn yẹ̀ wò, torí àwọn tó kéré jù ni kì í sábà ní ẹlẹ́rìí.

Tí adájọ́ bá gbàgbé láti béèrè àwọn ìbéèrè yẹn, tàbí tó ní kí ọmọ ọdún mẹ́jọ gbé Bíbélì tàbí Kùránì búra, lọ́yà olùjẹ́jọ́ yóò gbé e lọ sókè. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn ará òkè á torí ẹ̀ dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Láti 1959, nínú ẹjọ́ Abodundu, ni wọ́n ti là á sílẹ̀ ìgbà tí wọ́n lè ní kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: bí ẹ̀rí tó kù bá fi hàn pé ọ̀rọ̀ gidi wà níbẹ̀, bí ẹ̀sùn náà bá wúwo, tí kò sì ní jẹ́ ìnilára fún olùjẹ́jọ́ láti tún dúró. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún ọmọ tó ti dàgbà, tó ti fẹ́ gbàgbé, tí wọ́n wá ní kó padà wá sọ gbogbo rẹ̀.

Kẹ́hìndé_Òṣìṣẹ́Báńkì

Àwọn lọ́yà tó máa ń bi obìnrin iye ọkùnrin tó ti fẹ́ rí ńkọ́? Mo jókòó ní kóòtù kan lọ́jọ́ kan, ojú tì mí fún gbogbo wa.

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Òfin àtijọ́ fàyè gbà á, ó ní ẹ lè fi hàn pé oníwà pálapàla ni obìnrin náà. Abala 234 ti 2011 ti pa ìlẹ̀kùn yẹn dé: ẹ kò lè mú ọ̀rọ̀ nípa òun àti ọkùnrin mìíràn wá àfi tí kóòtù bá fún yín láyè. Tí olùpẹ̀jọ́ bá jókòó tí kò sì dìde takò ó, ìbéèrè náà á kọjá lọ, á wọ ìwé, àwọn ará òkè á sì kà á. Ó yẹ kó dìde. Ní ti ẹni tó ń jókòó wò, òfin ACJA ti 2015, ìyẹn òfin ìjọba àpapọ̀ lórí bí a ṣe ń gbọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn, abala 232, fún kóòtù láyè láti gbọ́ irú ẹjọ́ yìí láìsí èrò nínú ilé, kí orúkọ ẹni tó fara gbá a má sì jáde. Ẹ béèrè fún un.

Àbẹ̀kẹ́_Ìkòròdú

Mo ti ń rí i báyìí. Tí ọmọ bá wá bá mi lọ́la, kí ni kí n ṣe tí kò ní di ohun tí wọ́n á fi bà á jẹ́ lókè?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe wá. Ẹ má bi í ní ìbéèrè tó ti gbé ìdáhùn dání, bí "Ṣé bùrọ̀dá lágbájá ni?" Ẹ bi í pé, "Kí ló ṣẹlẹ̀?", kí ẹ dákẹ́. Kó tó di alẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹ kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní èdè tó fi sọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ àti aago, ẹ kọ ohun tí ẹ fojú ara yín rí: bóyá ó ń rìn tìrora, bóyá ẹ̀jẹ̀ wà láṣọ, bóyá ó ń gbọ̀n. Ẹ fọwọ́ sí i. Ohun tí ọmọ sọ fún yín kò lè dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀, torí àgbọ́sọ ni lẹ́nu yín. Àmọ́ ẹ lè jẹ́rìí pé ó sọ ọ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ohun tí ẹ fojú rí sì jẹ́ ẹ̀rí tiyín pátápátá. Ẹ má ṣe kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ, láéláé. Ẹ bá a lọ ilé ìwòsàn, ẹ bá a lọ tésàn, ẹ ní kí wọ́n ka ìwé náà padà fún un ní Yorùbá kó tó fọwọ́ sí i.

Ìyá_Ìbejì_Ọ̀yọ́

Ká ní ẹnì kan ti sọ ìyẹn fún mi! Lọ́yà, ìbéèrè kan ló kù. Tí wọ́n bá dá ọkùnrin náà sílẹ̀ lókè, ṣé èmi lè gbé e lọ sí Àbújá?

Lọ́yà_Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin fúnra yín kò lè gbé e lọ, Mọ́mì. Ẹjọ́ ìjọba ni; ẹlẹ́rìí ni ọmọ yín lójú òfin. Kọmíṣánnà fétò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ ló lè gbé e lọ, ọgbọ̀n ọjọ́ péré ló sì ní láti ọjọ́ ìdájọ́. Olùjẹ́jọ́ tí kóòtù gíga dá lẹ́bi ní 90 ọjọ́ láti lọ sí kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ sí Àbújá, ọgbọ̀n ọjọ́ ni fún gbogbo ènìyàn. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa ka ìdájọ́, ẹ wà níbẹ̀. Tí kò bá dára, ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ẹ kọ lẹ́tà sí kọmíṣánnà, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì DPP, ẹ gba sítáǹpù wọn sórí tiyín. Ẹ fi nọ́ńbà ẹjọ́ yín ránṣẹ́ sí àpótí ọ̀rọ̀ mi níbí, mo máa bá yín wo ibi tí ìwé náà dé.